Asofẹ́yẹjẹ Lẹ́yìn Rélùwéè

Tí èèyàn bá kúrò ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà, tó ń tọ ojú irin lọ síhà Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan igbó kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbìn. Kì í ṣe igbó ọdẹ. Igi kúkúrú-kúkúrú ni, èyí tó ga jù nínú wọn ò ju òrùlé ilé alámọ̀ lọ, wọ́n sì ti dì mọ́ra lẹ́bàá kòtò tí àgbàrá ń gbà. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Igbó lásán ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dúró lọ́jọ́ kan, nítorí pé ẹyẹ kan ń jẹun lójú mi, kò sì bìkítà pé mo wà níbẹ̀.

Ẹyẹ náà kì í ṣe arẹwà. Orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ rí bí eérú, abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun. Irú ẹyẹ tó máa ń pariwo lórí igi máńgòrò láti ìdájí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ó bà lé ẹ̀ka kan tí èso wẹ́wẹ́ pupa ṣù sí lórí, tó ń dán bí iyùn. Ó já ọ̀kan, kò rún un, ó gbé e mì kàló. Ó já èkejì. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta mì, ó fi àgógó nu ara ẹ̀ka lápá ọ̀tún, ó nù ún lápá òsì, bí ìgbà tí bàbá àgbà bá ń nuwọ́ lẹ́yìn iyán, ó wá fò kọjá ojú irin lọ bà sórí wáyà iná. Orí wáyà yẹn ló ti yàgbẹ́.

Igi tó ti jẹun yẹn ni asofẹ́yẹjẹ.

Ẹ tú orúkọ náà palẹ̀, ẹ ó rí i: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti jókòó wò ó pẹ́. Kò fi ewé rẹ̀ pè é, bẹ́ẹ̀ ewé náà ṣàjèjì tó: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń yọ lójú kan náà yí ẹ̀ka ká bí ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá. Kò fi oògùn inú rẹ̀ pè é, oògùn tó wà níbẹ̀ sì wúwo. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló fi pè é. Àwọn onímọ̀ ewéko òyìnbó náà fún un lórúkọ tiwọn, Rauvolfia vomitoria. Rauvolfia wá láti ara Leonhard Rauwolf, dókítà ará Jámánì kan láyé àtijọ́, ní nǹkan bí 400 ọdún ó lé sẹ́yìn, tí kò fojú kan igi wa yìí rí. Vomitoria ní tirẹ̀ ń sọ pé ó ń mú èèyàn bì. Dókítà tó ti kú àti èébì ni tiwọn. Mo fara mọ́ tẹyẹ.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá wa kì í ṣe àlàyé púpọ̀. Tí ọwọ́ ọmọdé bá nà sí èso pupa yẹn, gbólóhùn kan péré ni: "Tẹyẹ nìyẹn." Ó parí. Tí ẹ bá já ewé rẹ̀, oje funfun ni yóò kọ́kọ́ yọ, ó sì korò bí ìbínú orogún. Ohun tí ẹyẹ gbé mì tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè da inú ọmọ ènìyàn rú pátápátá. Orúkọ náà sọ ẹni tó ni ín, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí kò ni ín.

Gbogbo èso wẹ́wẹ́ inú igbó báyìí, òyìnbó ní orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kó wọn pọ̀. Èdè wa kò ní in, mi ò sì rò pé ó pàdánù nǹkan. Oníkálukú ló ní orúkọ tirẹ̀ àti ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀fà kò sí nínú igbó kìjikìji, kò sì tíì dé ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ pátápátá; ọ̀dàn la wà, níbi tí koríko àti igi ti ń jìjàkadì ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìjàkadì sì ni orò wa. Nínú ọ̀dàn yìí ni àbo wà, egbésì wà, ìra ọ̀dàn wà. Ọ̀dú náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewébẹ̀ ni, kì í ṣe igi. Gbogbo wa la mọ òwe ọ̀dú tí kì í ṣàìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń pa á lórí redíò pé báwo ni èso ọ̀dú ṣe rí, ẹ ó rí i pé ọ̀dú ti di àìmọ̀ fún un. Ó ṣù róbótó, ó dúdú bí aró, ó sì máa ń kun ìka. Nígbà kan a fi omi rẹ̀ ṣe yínńkì, a fi kọ orúkọ sẹ́yìn ìwé, ìgbájú la sì gbà lé e lórí nílé ìwé.

Ti àbo ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí àbo ni èso àkọ́kọ́ tí mo jẹ tí ẹnikẹ́ni ò rà fún mi.

Ọ̀fà ni wọ́n ti ń gbin ànàmọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ebè ànàmọ́ máa ń tẹ́ lọ títí, ààlà oko ni igi àbo sì máa ń wà. Kì í ga; ọmọ ọdún mẹ́jọ lè nawọ́ já a. Ewé rẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tí eruku bà lé, tí ẹ bá fọwọ́ rẹ́ ẹ, ó ń ta sánsán. Òdòdó rẹ̀ nípọn bí awọ, ó máa ń tẹrí ba, kì í ṣí tán. Kòkòrò kéékèèké onípẹẹpẹ ló ń rá wọnú rẹ̀, àwọn ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, èso á gbó. Kò tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, ara rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó díẹ̀ bí ti ìbátan rẹ̀ tí à ń pè ní ṣawasọ́ọ̀pù, àmọ́ tirẹ̀ kì í wà ní tútù: ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin ìbílẹ̀ tí wọ́n sè. Òórùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ó máa rìn lọ, ẹ ó kàn ṣàdédé gbọ́ òórùn kan tó dùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ ó dúró, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ koríko.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́ òórùn náà. Èèrà ti gbọ́. Òkété ti gbọ́ lóru. Tí ìjímèrè bá wà ní sàkáání, kí ẹ gbàgbé. A máa ń já a kó tó pọ́n tán, a ó fi pamọ́ sínú koríko gbígbẹ fún ọjọ́ méjì, a ó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó sin owó. Ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀, kóró rẹ̀ pọ̀. A ó fi ẹnu lá a, a ó tu kóró sílẹ̀ bí a ti ń lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kóró yìí, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ìra ọ̀dàn kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wà lọ́mọdé, ẹ̀gún ló fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dàgbà tán, èèpo rẹ̀ á máa là, inú rẹ̀ á pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Èso rẹ̀ dúdú, kò ju hóró àgbàdo kan lọ, àdàbà àti àwọn ẹyẹ kéékèèké ló sì ń bá a jẹ ẹ́. Tiwa nínú rẹ̀ ni èèpo. Tí ẹnu ọmọ ọwọ́ bá funfun, tí ẹfu mú un, tí kò lè mu ọmú, èèpo ìra ni wọ́n máa ń sè. Oògùn ẹfu yìí wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá débi pé àwọn olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ní fásitì ti gbé e wọ yàrá ìwádìí, tí wọ́n sì rí i pé òótọ́ ló ń bá àwọn kòkòrò àrùn ẹnu jà.

Ṣùgbọ́n egbésì! Egbésì ni igi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òkè òkun, tó lọ jẹ́jọ́, tó tún borí.

Ẹ lè má mọ̀ ọ́n lórúkọ, àmọ́ ẹ ti rí i. Etí odò Ọ̀yun kún fún un, àti ibi tí omi bá ń dá dúró lẹ́yìn òjò. Òdòdó rẹ̀ ṣù bí bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí yíká, oyin kì í sì kúrò lórí rẹ̀. Èso rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ rí kòtò-kòtò bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà. Inú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀, ó lómi, ó dùn, ó tún kan díẹ̀, hóró inú rẹ̀ sì kéré bí iyanrìn. Ọ̀bọ fẹ́ràn rẹ̀, màlúù ń jẹ ẹ́, ọmọdé ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn má jẹ ẹ́ ní àjẹkì, nítorí ó máa ń mú inú rírọ́ wá. Egbò rẹ̀ korò, òun sì ni ìyá alágbo ń fi sínú àgbo ibà. Ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, tilẹ̀ ti ṣe oògùn ibà kan láti inú èèpo egbò egbésì, tí wọ́n sọ ní NIPRD-AM1.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kan láti ilẹ̀ Faransé kéde ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu: wọ́n ní àwọn rí tramadol nínú egbò egbésì tí wọ́n wà ní àríwá Kamẹrúùnù. Tramadol kẹ̀! Oògùn ìrora tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1977. Oògùn kan náà tó ti sọ àìmọye ọ̀dọ́ wa di ẹdun arinlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé igi ti ń pèsè rẹ̀ nínú igbó kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe é, a jẹ́ pé àwọn baba wa tó ń se egbò yẹn kò jẹ̀bi àìmọ̀kan rárá. Ìròyìn náà dùn. Èmi gan-an kà á fún èèyàn mẹ́ta.

Àmọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ Michael Spiteller láti ìlú Dortmund ní Jámánì lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n wa egbésì ní gúúsù Kamẹrúùnù, wọn ò rí tramadol kankan nínú rẹ̀. Wọ́n wa ti àríwá, wọ́n rí i. Wọ́n wá ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe: wọ́n yẹ àwọn igi mìíràn tó wà nítòsí wò, wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n yẹ omi wò. Tramadol wà níbi gbogbo, àti àwọn ohun tí tramadol máa ń dà lẹ́yìn tó bá ti gba inú ara ẹran kọjá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi tramadol bọ́ màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ kó má baà rẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn, àwọn náà sì ń lo tiwọn. Màlúù ń tọ̀, ilẹ̀ ń mu, egbò ń fà á. Egbésì ò jalè. Ẹrù olè ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yẹn kò kan tramadol mọ́. Ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá igi wọ̀nyí, wọn á fà á. Ẹ sì mọ iye ike oògùn apakoríko tí wọ́n ń jù sí ààlà oko ní agbègbè wa lónìí.

Asofẹ́yẹjẹ náà ní ìtàn òkè òkun tirẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ lọ́lá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1952, ní ilé iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel ní Switzerland, wọ́n rí ohun kan yọ nínú egbò ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú kí wèrè tó ń ya aṣọ jókòó jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ Áfíríkà náà ní in lára. Nígbà yẹn gan-an, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ń dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta: ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé, tó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Dókítà kan láti Kánádà, Raymond Prince, tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, fojú ara rẹ̀ rí i bí oníṣègùn ṣe ń fún alárùn ọpọlọ ní egbò asofẹ́yẹjẹ mu tí yóò fi sùn fọnfọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ohun tí Basel rí ní 1952, ó ti wà nínú ìkòkò babaláwo láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ máa mu ún nílé o. Reserpine tí wọ́n wọ̀n nínú hóró oògùn gan-an, àwọn dókítà dín ìlò rẹ̀ kù nítorí pé ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn báni. Ife tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ egbò yìí gan-an ló gbé mi dé ọjà Owódé, lọ́dọ̀ àwọn lekúlejà. Mo bá ìyá kan tó tẹ́ egbò sílẹ̀ ní ìdì ìdì, èyí tó pọ́n, èyí tó funfun, èyí tó dúdú.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá. Ṣé ẹ ní egbésì?"

"A ní in, ọkọ mi. Ti ibà lo fẹ́ ni, àbí ti jẹ̀díjẹ̀dí?"

"Èso rẹ̀ ni mò ń wá."

Ó wò mí láti orí délẹ̀. Ó pe ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì kó wá gbọ́. "Èso kẹ̀? Ta ní ń ra èso egbésì? Ìwọ náà ò sì jọ ọmọdé." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé mo ra egbò tí mi ò ní lò.

Nígbà tí mo délé, mo tú ìdì náà. Egbò mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó jọ pé igi tí wọ́n wà á lára rẹ̀ kò tíì dàgbà. Ó lè má tíì so èso kankan rí.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Igi kan náà ni àwa àti ẹyẹ jọ ń jẹ. Ẹyẹ jẹ èso, ó gbé kóró lọ, ó yà á síbòmíràn, igi sì di méjì. Àwa ọmọdé tó ń jẹ àbo lójú ọ̀nà oko, tí à ń tu kóró sílẹ̀ bí a ti ń lọ, iṣẹ́ ẹyẹ là ń ṣe láìmọ̀. Ìgbà tí a dàgbà la wá fi èso sílẹ̀, tí a mú egbò. Egbò lówó lórí, èso ò lówó lórí. Ẹni tó bá sì wa egbò, kò sí nǹkan tó gbìn sípò rẹ̀. Mi ò bá ìyá lekúlejà jà. Ohun tí a wá rà ló tà fún wa. Àwọn àgbà oníṣègùn ní ìlànà tiwọn: apá kan ni wọ́n ń wà, wọ́n á bo ìyókù padà, wọ́n á gba èèpo ní ìhà kan kí igi má baà kú. Ẹni tó ń wa egbò kún àpò sìmẹ́ǹtì láti kó o lọ tà ní ìlú ńlá, kò ráyè ìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbé ẹ̀bi lé iná ọ̀gbẹlẹ̀ lórí. Iná ti ń jó ọ̀dàn yìí ká tó dáyé, àbo àti egbésì sì mọ̀ ọ́n lára. Iná á jó wọn kanlẹ̀, ẹ ó rò pé ó tán. Òjò kan, òjò méjì, kùkùté á rúwé, ẹ̀ka mẹ́rin á yọ níbi tí ọ̀kan wà. Àdá náà kò rí wọn gbé ṣe. Agbára wọn wà nísàlẹ̀, níbi tí iná ò dé. Ohun mẹ́ta péré ló ń débẹ̀: ọkọ́ ẹni tó ń wa egbò, oògùn apakoríko tí ewé ń gbé sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, àti katapílà àwọn tó ń ta ilẹ̀ ní pùlọ́ọ̀tù-pùlọ́ọ̀tù. Ní ìhà kan ìlú tí mo ti máa ń jẹ àbo, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí títí dé ojú títì, wọ́n gbin òdòdó tí wọ́n kó wá láti òkè òkun síwájú rẹ̀, ó ń tanná dáadáa. Mi ò tíì rí ẹyẹ tó jẹ nǹkan kan lára rẹ̀.

Ẹnì kan á ní: èso wo ló lè lówó lórí nínú igbó? Agbáyun ni ìdáhùn mi. Agbáyun kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà, ìhà ìsàlẹ̀ níbi tí òjò pọ̀ sí ni ilé rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń kó o gòkè wá bá wa. Èso pupa kékeré, kóró kan ló wà nínú rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra rẹ̀. Ẹ yí i lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fa ọsàn wẹ́wẹ́ mu. Ọsàn náà á di oyin. Ẹ̀kọ tó ti kan, ẹ ó rò pé wọ́n bu ṣúgà sí i. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, tí kíkan bá ti dé, á ṣí i sílẹ̀, adùn á wọlé. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ará Faransé kan, des Marchais, rí i ní etí òkun wa láàárín ọdún 1720 sí 1730 bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ. W. F. Daniell, dókítà àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ ní 1852. Ní 1968 ni wọ́n tó yọ nǹkan tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní miraculin. Ará Amẹ́ríkà kan, Robert Harvey, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti tà á fún àwọn tí dókítà ní kí wọ́n yẹra fún ṣúgà. Ní 1974, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún kọ̀ fún un, ilé iṣẹ́ náà sì dojú dé. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta gbígbẹ rẹ̀ ní 2021. Gbogbo rògbòdìyàn yìí, orí èso ni. Kì í ṣe orí gbòǹgbò.

Ẹ bojú wo ata wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, Amẹ́ríkà ti gúúsù ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti gbọmọ pọ̀n débi pé a rò pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí i sí. Ta ló gbin èyí tó ń hù lẹ́yìn ilé ìwẹ̀? Ẹyẹ ni. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Ohun tó ń jó wa lẹ́nu yẹn, ara ẹyẹ kò mọ̀ ọ́n. Eku tó bá jẹ ata, eyín rẹ̀ á rún kóró náà, ó tán síbẹ̀. Ẹyẹ kò ní eyín. Igi ata ti yan ẹni tó fẹ́ kó bá òun rìnrìn àjò, ó sì fi ìtani lé àwọn yòókù dànù. Asofẹ́yẹjẹ náà ti yan tirẹ̀, ó sì ti jẹ́ ká gbọ́ orúkọ ẹni náà.

Àdán gan-an ń bá wọn kópa. Àwọn àdán ńlá tó máa ń ṣú bo ọ̀run ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, irú wọn tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ lára ní Gánà ti fi hàn pé wọ́n lè gbé kóró èso rìn tó kìlómítà 75. Ẹ ti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò tó bẹ́ẹ̀. A máa ń bú àdán pé kì í ṣe ẹyẹ, kì í ṣe eku. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóru, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, mo já èso egbésì mẹ́ta létí odò, mo fọ́ wọn sínú omi, mo sẹ́ hóró rẹ̀ bí ẹni sẹ́ ògì, mo fọ́n ọn sórí iyanrìn tútù nínú abọ́ ike kan tó ti là nídìí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ohun aláwọ̀ ewé kan tó kéré bí ìdin yọ, òmíràn yọ, wọ́n di mọ́kànlá. Adìyẹ jẹ mẹ́rin. Omi pọ̀ jù, márùn-ún jẹrà. Méjì ló kù, mo ti gbé wọn lọ sí ẹ̀bá ògiri lẹ́yìn ilé, wọ́n ti ga dé orúnkún mi. Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa ro àyíká ti gé ọ̀kan nínú wọn nígbà kan, ó ní igbó ni. Ó ti rúwé padà, ẹ̀ka mẹ́ta. Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn nídìí kó lè máa rí i, àwọn ará àdúgbò wá ń yí gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n rò pé mo gbé nǹkan síbẹ̀.

Kò tíì so. Ṣùgbọ́n lábẹ́ wáyà iná tó kọjá lókè ògiri yẹn, níbi tí mi ò gbin ohunkóhun sí, igi mìíràn ti yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ewé mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yọ lójú kan, mo já ọ̀kan wò, oje rẹ̀ funfun.